Ọ̀pá Tí Ó Bá Kẹ̀kẹ́ Mu ní Igbó Ẹ̀gbà

Kíríírírírírí.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń ké, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ìrẹ̀ tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tí ó kọ̀ láti kú. Ohùn kẹ̀kẹ́ ìwọ̀ ni, nígbà tí ẹja ńlá bá gbé ìjẹ mì tí ó sì ń fa okùn lọ sí agbami. Ó ti pẹ́ jọjọ tí mo gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Jọ́ọ̀sì tí mo darúgbó sí yìí kò ní òkun. Òkúta ló ní, àti òtútù tí ń wọ eegun àgbàlagbà bí ẹni ń wọ ilé bàbá rẹ̀. Síbẹ̀, bí mo bá jókòó sí ẹnu ọ̀nà mi ní ọ̀sán, tí alùpùpù kan kọjá tí ṣéènì rẹ̀ kò rí òróró, àyà mi a já pà, ọwọ́ ọ̀tún mi a sì di afẹ́fẹ́ mú bí ẹni di ọ̀pá mú. Àwọn ará àdúgbò a máa rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ogbó ti ń dé sí bàbá ọlọ́dẹ.  Ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ní ń sọ pé kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun.

Kí ẹ tó máa ka ọ̀rọ̀ mi lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí mo jẹ́, nítorí bí kò bá sí ẹni tí yóò yìn wá nílé, a máa ń yin ara wa ni. Èmi ni Ọdẹ́níran, ọmọ bíbí Òkè-Ìrókò, abúlé ọdẹ tí ó wà níbi tí igbó dúdú ti ń parí tí ilẹ̀ ẹrẹ̀ etí òkun sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí apá mi ṣì le, àwọn ẹran a máa bèèrè àlàáfíà mi lọ́wọ́ ara wọn kí wọ́n tó jáde jẹko. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ibà dá mi dùbúlẹ̀, ọjọ́ náà ni wọ́n fi ń ṣe ọdún. Mo ti bá ẹfọ̀n wojú ara wa títí ẹfọ̀n fi kọ́kọ́ ṣẹ́jú. Mo ti sá fún òjò wọ inú ihò àmọ̀tẹ́kùn, nígbà tí onílé sì dé, ó wò mí, ó tọrọ gáfárà, ó padà sẹ́yìn. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kí ó lọ bi àmọ̀tẹ́kùn náà léèrè. Ṣùgbọ́n nínú ìrìn-àjò tí mo fẹ́ sọ yìí, ìbọn mi kò dún rárá. Kì í ṣe pé n kò fẹ́ kí ó dún. Ẹ ó rí i.

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan tí ń jẹ́ Akínkúgbé, ọmọ ìyá mi, ọmọ bàbá mi. Àwa nìkan ni ìyá wa bí kí ó tó kú, òun ló gbé mi pọ̀n, òun ló ń rún iṣu lẹ́nu fún mi kí n tó ní eyín. Nígbà tí gbogbo ilé wa ń kọ́ ìbọn, Akínkúgbé ní òun kò fẹ́ràn òórùn ẹ̀tù, ó bá ọkọ̀ ojú omi lọ. Ó pẹ́ kí ó tó dé. Nígbà tí ó sì dé, kò mú wúrà bọ̀, kò mú ìyàwó bọ̀; ohun tí ó mú bọ̀ ni kẹ̀kẹ́ kan tí kò ju ìkúùkù àgbà lọ, tí ẹnjiníà ọkọ̀ náà fi ta á lọ́rẹ. Irin dídán ni. Ó ní ẹsẹ̀ kan tí a fi ń so ó mọ́ ọ̀pá, ó ní ọwọ́ kan tí a fi ń yí i, ó sì ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ń yí po bí adìẹ tí ń wá ibi tí yóò yé sí, èyí ló ń ká okùn ọ̀rá mọ́ ọn lára. Ní iwájú rẹ̀ ni bíréèkì wà, kókó kékeré kan: bí a bá dì í pinpin, okùn kò ní jáde, bí a bá tú u díẹ̀, okùn a máa jáde pẹ̀lú igbe tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Akínkúgbé ní wọn kò ṣe é fún ẹja wẹ́wẹ́ inú odò, wọn kò sì ṣe é fún àbùùbùtán. Àwọn ẹja agbedeméjì inú òkun ni wọ́n ṣe é fún, ọ̀bọ̀kún, kúta àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Kẹ̀kẹ́ dé, kò ní ọ̀pá.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àwa ará Òkè-Ìrókò mọ ìbọn, a kò mọ ọ̀pá ìwọ̀. Síbẹ̀ kò sí ọdẹ tí kò mú ìmọ̀ràn wá. Ọ̀kan gé ọparun wá, ó là sí méjì. Ọ̀kan yọ igi ìdí ìbọn bàbá rẹ̀ wá. Olórí ọdẹ wa gbé kẹ̀kẹ́ náà lé orí igi kan, ó kọjú rẹ̀ sókè bí òòlù ìbọn ti máa ń wà lókè, ó ní bí ohun ìjà ti ń jókòó nìyẹn, pé ohun ìjà tí ojú rẹ̀ bá wo ilẹ̀, ẹni tí ó gbé e ni yóò pa. Gbogbo wa mi orí, a ní àgbà ti sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé igi kan ṣoṣo ni iyọ̀ òkun kò lè jẹ, pé ẹ̀gbà ni, igi tí gbòǹgbò rẹ̀ dúró lókè omi bí ẹsẹ̀ akàn. Akínkúgbé mú àáké, ó fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lórí ẹní, ó wọ Igbó Ẹ̀gbà lọ. Kò padà wá. Mo retí rẹ̀ títí oúnjẹ tí mo gbé pamọ́ fún un fi bu, nígbà náà ni mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo ju kẹ̀kẹ́ sínú àpò ọdẹ, mo tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lọ.

Igbó tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ ní ilẹ̀ nísàlẹ̀. Igbó Ẹ̀gbà kò ní. Ẹrẹ̀ dúdú ni, ó ń mí, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ ènìyàn mì bí ẹni mu ẹ̀kọ. Lórí gbòǹgbò ni mo ń fò kiri bí ọ̀bọ, akàn sì ń na èékánná sí mi láti gbogbo ihò bí ẹlẹ́jọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo dé ibi tí igi kan ti ṣubú tí ojú àáké ṣì tutù lára rẹ̀, mo sì rí Akínkúgbé. Ó dúró nínú ẹrẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́. Mo pè é, ó yí ojú sí mi, kò yí ara. Gbòǹgbò ti yọ ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì ti tẹ orí wọnú ẹrẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni obìnrin kan jókòó sí. Bí ó ti jókòó yẹn, ó ga ju igi àgbọn lọ. Ara rẹ̀ funfun fún iyọ̀ tí ó gbẹ mọ́ ọn, irun rẹ̀ ta kókó, akàn ń wọ inú rẹ̀, wọ́n ń jáde, ó sì fi ìdí kan ẹrẹ̀ bí ìkòkò tí a gbìn. Ìyá Oníyọ̀ ni, iwin inú ẹrẹ̀ tí àwọn àgbà Òkè-Ìrókò máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. N kò kí i. Mo na ìbọn sí i. Ó fẹ́ atẹ́gùn lẹ́nu, fúù, atẹ́gùn náà ní iyọ̀ nínú, kí n sì tó fa ohun tí mo fẹ́ fà, ìbọn tí bàbá mi fi pa erin ti dógùn-ún lọ́wọ́ mi, ó ń já bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí búrẹ́dì àná. Ó wá bi mí pé, “Ta ló rán ọ wá?”

Mo ní, “Ẹsẹ̀ mi ni.”

“Ẹsẹ̀ rẹ kò gbọ́n. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ náà kò gbọ́n, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.”

Mo bẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ohùn tí a fi ń bẹ àgbà. Ó ní ọmọ òun ni igi tí Akínkúgbé gé, pé ó gé e nítorí àtirí ọ̀pá fún ohun ìṣeré. Ó ní ó dára, ohun ìṣeré náà ni yóò san án. Kúta kan wà ní ẹnu ìsà, níbi tí odò ti ń bọ́ sínú òkun. Kúta náà ti gbé òòyà òun mì, láti ìgbà náà ni irun òun ti di ilé akàn, òun kò sì lè gbé ìdí nínú ẹrẹ̀ láti lé e. Kí n lọ wá ọ̀pá tí ó bá kẹ̀kẹ́ inú àpò mi mu, kí n fi mú kúta náà wá láàyè. “Kúta mi kò gbọdọ̀ já okùn rẹ, kò gbọdọ̀ ṣẹ́ ọ̀pá rẹ,” ni ó wí. “Èyíkéyìí nínú méjèèjì tí ó bá ṣẹlẹ̀, o ti fún mi ní ọmọ mìíràn dípò èyí tí ẹ gé. Bí o bá sì pẹ́, gbòǹgbò kò ní dúró dè ọ́. Bí ó bá dé ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ, ọ̀rọ̀ ti tán.” Mo bi í irú ọ̀pá tí ó bá kẹ̀kẹ́ mu. Ó ní bí òun bá mọ̀ ọ́n, ṣé èmi ni òun ìbá máa bá sọ̀rọ̀? Ẹ̀gbọ́n mi, tí ìbẹ̀rù kò gba àwàdà lẹ́nu rẹ̀ rí, pè mí bí mo ti ń yí ẹ̀yìn padà. Ó ní, “Ọdẹ́níran, jọ̀ọ́, má ṣe gé igi kankan lójú ọ̀nà.”

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ kí n bi yín. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá ọ̀pá fún kẹ̀kẹ́, tí ọmọ ìyá yín sì ń di igi, ọ̀pá wo lẹ ó mú? Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ, òun náà ni mo sọ: èyí tí ó tóbi jù lọ. Bí ọdẹ ti ń ronú nìyẹn. Ẹran ńlá, ìbọn ńlá. Nítorí náà nígbà tí mo jáde nínú ẹ̀gbà tí mo rí òmìrán kan tí ó dúró lẹ́bàá ọ̀sà, tí ó to ọ̀pá ìwọ̀ jọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí òpó ààfin, inú mi dùn bí ẹni rí ìyá rẹ̀. Apálẹ́rù ni orúkọ òmìrán náà, àbùùbùtán ni ó ń fi ìwọ̀ mú, apá rẹ̀ sì wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń gbé e lé èjìká bí ẹni gbé ẹrù. Ó ní kí ni n ó fún òun. Ìbọn mi ti kú, mo yọ ìwo ẹ̀tù mi fún un. Ó da ẹ̀tù sí ọwọ́, ó fín in símú bí aṣáárà, ó ní aṣáárà ọmọ ènìyàn dára, ó sì ju ọ̀pá tí ó kéré jù lọ nínú ọ̀pá rẹ̀ sí mi. Ó tó ìtan mi ní títóbi.

Mo gbé kẹ̀kẹ́ lé e lórí, mo kọjú rẹ̀ sókè bí olórí ọdẹ ti kọ́ wa. Ẹ̀yin ará, ó dà bí eégbọn lára màlúù. Mo so òjé wúwo kan àti ìwọ̀ kan mọ́ okùn, nínú àwọn tí Akínkúgbé kó dé pẹ̀lú kẹ̀kẹ́, mo ní kí n kọ́kọ́ dán an wò nínú ọ̀sà níbẹ̀, nítorí a kì í fi orí ẹ̀gbọ́n ẹni dán abẹ wò. Mo ju ìwọ̀. Ọ̀pá náà kò mọ̀ pé mo ju nǹkan. Òjé bọ́ sí iwájú ẹsẹ̀ mi pọ́tọ́. Mo fi gbogbo agbára jù ú lẹ́ẹ̀kejì, kẹ̀kẹ́ yí po lórí igi, ó dorí kodò, okùn lọ́ mọ́ mi lọ́rùn. Nígbà tí ọ̀bọ̀kún kan wá ṣàánú mi tí ó gbé ìjẹ, ọ̀pá kò tẹ̀, kò mì, ó dúró ṣánṣán bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn. Gbogbo ìjà náà bọ́ sí ọrùn okùn nìkan, okùn sì já pẹ́ẹ́. Ẹ wo irú ọkọ tí ó jókòó sílé tí ó ní kí ìyàwó nìkan bá olè jà.

Apálẹ́rù rẹ́rìn-ín títí ọ̀sà fi ru. Ó ní òun mọ̀ pé kò ní bá a mu kí òun tó fún mi. Ó ní ojú òun ti wà lára mi láti ìgbà tí mo dé, pé mo sanra tó láti fi ṣe ìjẹ àbùùbùtán, ó sì na ọwọ́ láti gbá mi mú. N kò ní ìbọn, n kò ní àdá tí ó lè gé ìka rẹ̀. Ohun tí ó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi ni ìwo tí òmìrán náà ti jù sílẹ̀, ẹ̀tù díẹ̀ ṣì kù nídìí rẹ̀. Mo da á sí ihò imú rẹ̀ bí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó mí sínú, ó la ẹnu, ó dúró díẹ̀ bí ẹni ń rántí orúkọ àna rẹ̀, ó wá sín. Sínsín náà gbé èmi, àpò mi àti kẹ̀kẹ́ kọjá ọ̀sà lọ sí òdìkejì. Ẹyẹ òkun kan tí mo kọjá lókè wò mí bí ẹni wo ajẹgbèsè. Mo balẹ̀ sórí ebè iyanrìn, iwájú ilé kan tí a fi eegun ẹja kọ́.

Onílé náà ní orí méjì lórí ọrùn kan. Èyí ọ̀tún tóbi bí ìkòkò ìsebẹ̀, èyí òsì kò ju àgbọn lọ, nítorí náà ó ń rìn ní ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́, ó sì ń ṣubú sí ọ̀tún lẹ́yìn ìṣísẹ̀ díẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá ti ṣubú, àwọn orí méjèèjì a máa bú ara wọn. Mo wo ara ògiri, mo rí ọ̀pá ìwọ̀ oríṣiríṣi tí wọ́n gbé kọ́, gígùn, kúkúrú, sísanra, tẹ́ẹ́rẹ́. N kò béèrè ẹni tí ó ni wọ́n, nítorí mo rí agbárí àwọn tí ó ni wọ́n nísàlẹ̀. Orí Ńlá ní kí wọ́n bọ̀ mí. Orí Kékeré ní àfi kí wọ́n sun mí, pé gbogbo ìgbà ni Orí Ńlá ń jẹ ohun bíbọ̀. Mo rí i pé ìjà yìí nìkan ni ìlẹ̀kùn mi. Mo ní kí wọ́n pa àlọ́ fún mi. Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, n ó fúnra mi sọ èyí tí ó dára nínú bíbọ̀ àti sísun, kí ìjà parí. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, kí wọ́n fún mi ní ọ̀pá kan.

Wọ́n sọ ọ́ pa pọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnu wọn kò: “Ọkọ kò gbọdọ̀ ju ìyàwó, ìyàwó kò gbọdọ̀ ju ọkọ. Ọ̀kan ń tẹ̀, ọ̀kan ń tú. Ọ̀kan dúró lókè, ọ̀kan so rọ̀ sísàlẹ̀, ìka kan ṣoṣo ló sì ń dájọ́ wọn. Àwọn wo ni?”

N kò mọ̀ ọ́n.  Orí Ńlá ti ń kígbe pé kí wọ́n gbé omi kaná. Orí Kékeré fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín, ó ní kí n mú ọ̀pá kan dání ná, kí n lè kú bí apẹja. Mo mú èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, torí èyí tí ó tóbi ti já mi kulẹ̀. Mo so kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn, ó lọ sẹ́yìn gbì, ìdí rẹ̀ ń wá ilẹ̀, imú rẹ̀ ń wo òkè bí ajá tí ń húkọ́. Mo gbójú sókè, mo rí àwọn orí méjèèjì bí wọ́n tún ti ń ṣubú lọ sí ọ̀tún, nítorí ọ̀kan ju èkejì. Ohun kan bá là lọ́kàn mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọ̀pá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń so kẹ̀kẹ́ mọ́ wọn, mo sì ń gbé wọn lé orí ìka kan ṣoṣo, ní ibi tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ti bá igi pàdé. Èyí lọ síwájú, èyí lọ sẹ́yìn. Bí mo bá sì kọjú kẹ̀kẹ́ sókè bí òòlù ìbọn, gbogbo wọn ni ń yí dà. Ẹrù kì í fẹ́ jókòó lórí ohun tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ. Ó fẹ́ so rọ̀ ni, bí àdán. Mo dorí kẹ̀kẹ́ kodò, mo so ó sí abẹ́ igi. Olórí ọdẹ wa ìbá pè mí ní wèrè. Mo wá kan ọ̀pá kan tí ó ga jù mí lọ díẹ̀, tí ìdí rẹ̀ le, tí imú rẹ̀ sì ń tẹ̀ wọ̀ọ̀ bí a bá mì ín. Òrùka tí okùn ń gbà kọjá lára rẹ̀, èyí tí ó súnmọ́ kẹ̀kẹ́ fẹ̀ bí ẹnu kẹ̀kẹ́ náà gan-an, àwọn tó kù sì ń kéré sí i bọ̀ bí ọmọ ìyá kan tí a tò lórí ìlà, títí dé ṣóńṣó. Mo gbé e lé ìka. Kò lọ síwájú. Kò lọ sẹ́yìn. Ó dúró, ó ń mì jẹ́jẹ́, bí ọmọ tí oorun ń gbé lọ.

Mo ní, “Ọ̀pá àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni.”

 Orí Ńlá wo Orí Kékeré, ó ní ìwọ ni o ní kí ó mú ọ̀pá dání. Orí Kékeré ní ìwọ ni o yan àlọ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kí n fi ọ̀rọ̀ kan bọ́ iná náà, mo ní, ẹ̀yin olórí, ta ni ó ju ẹnì kejì nínú yín, ta ni ó ń mú yín ṣubú? Wọ́n gé ara wọn jẹ. Mo sá. Mo sá débi pé òjìji mi ń bẹ̀ mí pé kí n dúró de òun.

Ẹnu ìsà kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń fi ìgbà ṣòfò. Omi odò ń ti omi òkun, omi òkun ń ti omi odò, ẹni tí ó bá bọ́ sáàárín kò ní bàbá. Mo wo ìwọ̀ mi, mo rántí eyín kúta, tí ó dà bí ayùn. Ọ̀rá wo ni yóò dúró níwájú ayùn? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ bàbá mi ti gbà mí. Wáyà tàkúté òkété wà nínú àpò mi. Mo gé e ní ìwọ̀n apá, mo fi sí àárín okùn àti ìwọ̀, mo fi ẹja àtọ́kọ́ kan ṣe ìjẹ. Mo fà á sẹ́yìn, mo jù ú. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, òjé náà fò. Okùn ń jáde lẹ́nu kẹ̀kẹ́, ó ń wọ òrùka ńlá, ó ń wọ òrùka kékeré, kò kọsẹ̀ níbì kankan, ó bọ́ sínú ìgbì ní ibi tí ìbọn mi kò lè dé.

Kúta gbé e. Kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe, ọwọ́ mi ti di bíréèkì pinpin. Ọwọ́ ọdẹ ni, kò kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn: ẹran tí a bá ti ta, a kì í jẹ́ kí ó wọgbó, torí ẹran tó wọgbó ti di ti ìjímèrè àti ikán. Ọ̀pá tẹ̀ kọdọrọ, imú rẹ̀ kan omi. Okùn ń kọrin tín-ín-rín bí ẹ̀fọn. Kúta náà sì fò jáde nínú omi, ó gùn jù mí lọ, ó fi ojú kan wò mí, ó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ọdẹ, dì í sí i. Àbí ìwọ kọ́ ni ọkùnrin tí ẹran ń bèèrè àlàáfíà rẹ̀?”

Ẹnu mi ló fẹ́ dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí igi ti ń dún nínú ọwọ́ mi, ké, ké, bí igi tí yóò ṣẹ́, mo sì rí ẹ̀gbọ́n mi lójú ọkàn mi pẹ̀lú ewé lẹ́nu. Ọ̀kan ń tẹ̀, ọ̀kan ń tú. Ọ̀pá ti ṣe tirẹ̀; èmi ni n kò jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ ṣe tirẹ̀. Mo tú kókó náà díẹ̀. Kíríírírírí ni ó ké, okùn ń lọ, ẹran mi ń sá lójú mi, kò sì sí ohun tí ó dun ọkàn ọdẹ tó bẹ́ẹ̀. Kúta bú mi, ó ní ọ̀lẹ ni mí. Mo jẹ́ kí ó máa sá. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, mo gbé ọ̀pá sókè, mo ká okùn bí mo ti ń sọ ọ́ kalẹ̀. Bí ó bá tún fẹ́ lọ, mo ní ó dàárọ̀. Oòrùn ti kúrò lórí mi bọ́ sí èjìká kí kúta tó wá dùbúlẹ̀ lórí iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí kò ní èébú kankan lẹ́nu mọ́. Mo fi okùn kan gbà á lẹ́nu, mo rí ọkọ̀ kékeré kan tí a so sí etí omi, mo wọ́ kúta lẹ́yìn rẹ̀ nínú omi kí ó má baà kú, mo wa ọkọ̀ wọ inú ẹ̀gbà.

Gbòǹgbò ti dé àgbọ̀n Akínkúgbé. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ojú rẹ̀ nìkan ló ń tẹ̀lé mi. Ìyá Oníyọ̀ fi ìka méjì wọ ọ̀fun kúta, ó yọ òòyà eyín erin kan jáde, ó ju kúta sí ẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun. Akàn ń já bọ́ bí òjò. Bí ó ti ń yà á ni gbòǹgbò ń fà sẹ́yìn lára ẹ̀gbọ́n mi, títí ó fi ṣubú lójú ẹrẹ̀, tí kò mọ̀ pé òun wà láyé. Obìnrin náà gba ọ̀pá àti kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi, ó rún wọn mọ́ra bí ẹni rún èpo ẹ̀pà. Mo ní mo rò pé a ti parí ìjà.

Ó ní, “Mo dá a sílẹ̀. N kò dárí jì í. Ọmọ mi tí ó gé kò ní dìde mọ́, kí ló dé tí tìrẹ yóò fi dìde pátápátá?” Ó wá tẹ̀ ba sí etí mi. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà láàyè, èmi àti Akínkúgbé kò gbọdọ̀ mu omi kan náà, ìbáà ṣe odò, ìbáà ṣe kànga, ìbáà ṣe ti inú igbá. Ọjọ́ tí a bá mu ún, gbòǹgbò yóò padà sára rẹ̀. Bí mo bá sì sọ fún un, ọjọ́ náà ni.

Odò kan ṣoṣo ni Òkè-Ìrókò ń mu. Mo gbé ẹ̀gbọ́n mi pọ̀n délé bí òun náà ti pọ̀n mí rí. Mo tẹ́ ẹ sí ẹnu ọ̀nà, mo pe aládùúgbò. Òùngbẹ ń pa mí débi pé ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu, wọ́n sì gbé omi tútù wá. N kò gbà á. Mo yí ẹ̀yìn padà, mo ń lọ sí òkè, ìlú dé ìlú, títí mo fi dé ibi tí omi òkè-òkúta kò bá tiwa pàdé. Iṣẹ́ ọdẹ ilé ìwakùsà ni mo ṣe níhìn-ín. Akínkúgbé ránṣẹ́ sí mi nígbà àkọ́kọ́, ó dúpẹ́. Ó ránṣẹ́ nígbà kejì, ó bèèrè ohun tí òun ṣe. N kò fèsì, èsì wo ni n ó fọ̀? Iṣẹ́ tí ó rán lẹ́yìn ìyẹn le. Ó ní mo gba òun là kí n lè máa fi òun ṣe ìtàn fún àwọn àjèjì, pé kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ mi mọ́ nínú ilé òun. Mo jẹ ẹ́ mọ́ iyọ̀, mo gbé e mì. Ó kúkú wà láàyè láti bínú.

Láìpẹ́ yìí ni ọkùnrin kan tí ń kó edé gbígbẹ wá sí òkè yìí, Orímisan lórúkọ rẹ̀, yà sọ́dọ̀ mi nítorí ó gbọ́ ohùn etí òkun lẹ́nu mi. Mo bi í nípa Igbó Ẹ̀gbà. Ó ní igbó wo? Ó ní òkun ti gbé e lọ, iyanrìn àti omi ló kù, pé ọmọ tí wọ́n bí lẹ́nu ìgbà yìí kò mọ ohun tí ń jẹ́ ẹ̀gbà. Mo bi í nípa obìnrin kan tí ó ga. Ó wò mí bí àwọn ará àdúgbò ti ń wò mí. Mo wá bi í nípa Akínkúgbé, ó ní àgbàlagbà ọkọ̀ ojú omi yẹn? Ó ní ó wà, ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, a máa jókòó sí etí odò, ó sì ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ó bá ti òkè bọ̀ bóyá wọ́n rí ọdẹ kan tí ń fọ́nnu.

N kò mọ̀ bóyá Ìyá Oníyọ̀ kú tàbí ó kàn ṣí lọ. Kò sí ẹni tí ó mọ̀. Mo ro ó títí agbọ̀n edé Orímisan fi ṣófo. Nígbà tí ó ń di ẹrù rẹ̀ láti padà, mo ní kí ó jókòó, kí ó fetí sílẹ̀, kí ó kọ́kọ́ bi ẹ̀gbọ́n mi bóyá ó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí gbígbọ́ rẹ̀ lásán lè pa á, bí ó bá sì gbà, kí ó sọ ọ́ bí mo ti sọ ọ́. Iṣẹ́ tí mo rán an nìyí:

“Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe ìgbéraga ló gbé mi lọ. Obìnrin inú ẹrẹ̀ ló ní bí àwa méjèèjì bá mu omi kan náà, gbòǹgbò yóò padà sára yín. N kò mọ̀ bóyá ó ti kú. Ẹsẹ̀ yín ni, kì í ṣe tèmi, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù, ẹ jẹ́ kí Orímisan gbé ìkíni yín wá fún mi, ó tó mi. Bí ẹ kò bá bẹ̀rù mọ́, ẹ bu omi sínú igbá, ẹ mu ún dé ìdajì, kí ẹ gbé ìyókù dè mí.”